Táwẹ̀lì Kì Í Sí Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Jà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ táwẹ̀lì. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn á ní, "Háà, alágbàfọ̀ ni yín?" Alágbàfọ̀ kọ́. Àwọn ọkùnrin tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ nínú agbo olókùn, èmi ni mo máa ń dúró sí igun wọn pẹ̀lú garawa omi, àpótí ìjókòó àti aṣọ ìnura. Kọ́nà la máa ń pe igun yẹn, oníkọ́nà ni wọ́n sì ń pè mí. Láti Ṣómólú títí dé etí ọ̀sà Bàrígà, ẹni tí kò bá mọ Bàbá Oníkọ́nà, àná ló kó dé.

Irọ́ díẹ̀ wà nínú ìtàn mi o, bí iyọ̀ ṣe wà nínú ọbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ iyọ̀, kó lọ mu omi.

Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ìtàn yìí ni ọmọ ọmọ mi, Mọrẹ́nikẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan lẹ́bàá Onípánù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọlé dé, ó fa ojú ro.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni òyìnbó ń pè ní 'throw in the towel'?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ sí ọ?"

"Ọ̀gá mi ni. Ó ní n ò gbọdọ̀ ṣe é. Mo ní yẹsà. Mi ò sì mọ nǹkan tí mo ń ṣe yẹsà sí."

Ẹ wò ó, inú mi dùn débi pé mo dìde láìmú ọ̀pá. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí nílé yìí kò ju "Bàbá, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" lọ. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bi mí ní èyí tí mo mọ̀ dénú egungun!

Mo kọ́kọ́ parọ́ fún un ná. Mo ní ọba òyìnbó kan ló ń wẹ̀ lódò tí ogun fi dé bá a. Ọṣẹ ti bo ọba lójú, kò rí idà rẹ̀ mú. Ló bá ju aṣọ ìnura sí àwọn ọ̀tá, ó ní kí wọ́n máa kó ìlú lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣan ojú òun tán. Ọmọ náà ti gbà á gbọ́! Ó ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kí ẹ̀rín tó gbọ̀n mí.

Òótọ́ ibẹ̀ rèé. Inú iṣẹ́ wa ni wọ́n ti jí ọ̀rọ̀ náà gbé. Bí akànṣẹ́ bá ń jẹ ìyà tó ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ, ẹni tó wà ní igun rẹ̀ á ju aṣọ ìnura sínú agbo. Rẹfirí, ìyẹn ẹni tó ń ṣe onílàjà láàárín wọn, á rí i, á sì dá ìjà dúró. Ó parí nìyẹn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní ń fọ́; bẹ́ẹ̀ náà ni táwẹ̀lì, bó bá ti balẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bẹ̀ ẹ́ kó dìde. Láti ibẹ̀ ni òyìnbó ti gbé e wọ ọ́fíìsì àti ilé ọkọ: ẹnikẹ́ni tí ọ̀ràn bá sú, tó fi í sílẹ̀, wọ́n á ní ó ti ju táwẹ̀lì. Láyé àtijọ́ pàápàá, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń fi ọwọ́ lásán lu ara wọn ní gbangba pápá, kì í ṣe táwẹ̀lì ni wọ́n ń jù. Kànìnkànìn tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀ ojú ni wọ́n máa ń sọ sókè. Nígbà tó yá ni táwẹ̀lì wá lé kànìnkànìn kúrò nípò.

Mo ṣàlàyé tán, Mọrẹ́nikẹ́ ní òun ti mọ̀ ọ́n. Mo ní, "O ò tíì mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá rẹ náà ò mọ̀ ọ́n." Èmi gan-an tí mo sọ bẹ́ẹ̀, àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kíláàsì márùn-ún ni mo kà nílé ìwé. Kíláàsì kẹfà rí mi lókèèrè, ó sá. Nígbà tí mo di géńdé tí n kò rí nǹkan gidi ṣe, bàbá mi mú mi lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ti Ìjẹ̀bú wá sí Èkó. Ó ní, "Súnmọ́nù, gba eléyìí, ó ń jẹun jù." Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Owó tí wọ́n ń san fún mi, ẹ má bi mí, ojú ń tì mí.

Ọ̀gá Súnmọ́nù kúrú, ó sì tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tó gbé ènìyàn mẹ́ta mì. Nígbà èwe rẹ̀ ní èbúté Àpápá, atukọ̀ òyìnbó kan ló kọ́ ọ níṣẹ́ kọ́nà. Ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni ó ti ń kọ́ àwọn akànṣẹ́, lábẹ́ igi furúùtù. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ti ń dún gbì-gbà, gbì-gbà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkùnrin wa ń fò. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ dákẹ́, gbogbo wọn á ṣi ẹsẹ̀ gbé, wọ́n á máa kọ lu ara wọn bí adìẹ tí ilẹ̀ ṣú mọ́ níta.

Mo rò pé ọjọ́ kejì ni mo máa gbé garawa. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan! Àràárọ̀ ló ń rán mi lọ sí Ọbáníkòró, sílé ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Bùráímọ̀. Iṣẹ́ tó rán mi kò ju kí n bá a de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí n sì padà wá jábọ̀.

"Kí lo rí níbẹ̀?"

"Bọ̀ọ̀dá Bùráímọ̀ ni mo rí, sà."

"Bọ́tìnnì mélòó lo dè?"

"Mẹ́fà, sà."

"Òun náà ńkọ́? Mélòó ló dè?"

"Kò lè de ọ̀kankan, sà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n."

"O ò tíì rí i. Padà lọ lọ́la."

Èmi náà bínú. Mo ní ọ̀gá wo nìyí, táwẹ̀lì ni mo wá kọ́, ó ń kọ́ mi ní bọ́tìnnì! Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí àwòrán lára ògiri Bọ̀ọ̀dá Bùráímọ̀: ọkùnrin kan tó rẹwà bí ẹṣin ọba, ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Òun náà ni. Ẹni tó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú àwòrán pẹ̀lú garawa ni Ọ̀gá Súnmọ́nù. Mo rìn padà dé Ṣómólú. Ọ̀gá wò mí lójú, kò bi mí ní bọ́tìnnì mọ́.

Ó ní, "Abala ìjà kan péré ni mo fi kún un fún Bùráímọ̀. Mo rí i pé ó yẹ kí n ju táwẹ̀lì, mo ní jẹ́ kí n wo abala kan sí i."

Ó na táwẹ̀lì funfun kan sí mi. Ọjọ́ yẹn ni mo di ọmọ iṣẹ́.

Táwẹ̀lì méjì ni oníkọ́nà gidi máa ń ní. Ọ̀kan ni ti òógùn: òun la fi ń nu ara, ojú àti ẹ̀jẹ̀. Èkejì ni ti ọ̀rọ̀. Ti ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ kan òógùn ẹnikẹ́ni. Funfun ni, a máa ń ká a sí mẹ́rin, a ó sì gbé e ka orí itan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n sọ, ìyẹn ni "Ó tó."

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé wọ́n ń kọ́ jíjù táwẹ̀lì bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Bí ẹ bá ju aṣọ gbígbẹ, á ṣí nínú afẹ́fẹ́ bí ìyẹ́ lékeléke, á lọ kọ́ sórí okùn, rẹfirí kò sì ní rí i. Ẹ gbọ́dọ̀ ti etí rẹ̀ kan bọ omi, kí ẹ fún un, kí ẹ ta á ní kókó, kó lè wúwo níwájú. Ọ̀gá á gbé abọ́ sáàárín ilẹ̀, á ní kí n jù ú sínú abọ́ láti ẹ̀yìn okùn. Bí mo bá tàsé, mo máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí igi furúùtù náà ká. Mo fò títí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ Ṣómólú fi ń kí mi ní ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mọ̀ ọ́n tán, mo mọ̀ ọ́n! Lọ́jọ́ kan mo ju táwẹ̀lì ní Ṣómólú, orí bàbá apárí kan ló bà lé ní Onípánù. Bàbá náà gbójú sókè, ó ní, "Olúwa, ẹ ṣeun, oòrùn náà ti pọ̀ jù."

Òfin méjì ni Ọ̀gá fi máa ń nà mí. Àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ akànṣẹ́ ni kí n máa wò. Ojú a máa parọ́, ẹsẹ̀ kì í parọ́. Èkejì, n kò gbọdọ̀ bá àwọn òǹwòran hó. "Ẹni tó ń hó kò ríran," bó ṣe máa ń sọ nìyẹn. Bí mo bá ṣèèṣì pariwo "Yéè, lù ú!", á da omi garawa lé mi lórí níwájú gbogbo ayé.

Nígbà tí Ọ̀gá dolóògbé, garawa rẹ̀ di tèmi. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í fi í rọ́pò. Mo dúró sí igun fún akànṣẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo ju táwẹ̀lì fún àwọn kan, wọ́n bú mi lálẹ́, ìyàwó wọn wá dúpẹ́ láàárọ̀. Orúkọ mi ń tàn ká. Àwọn ọmọdé tó ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ náà máa ń ra táwẹ̀lì tó dára ju tèmi lọ, mo máa ń sọ fún wọn pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ìgbà náà ni Gàní dé.

Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn yín! Gàní! Àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà ní Bàrígà ló ti wá. Ìgbà yẹn, wọ́n á rì sínú omi tàwọn ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á bu yanrìn nísàlẹ̀, wọ́n á gbé e jáde sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀dọ̀fóró Gàní tóbi tó fi jẹ́ pé bó bá rì ní Bàrígà, ó máa jáde ní Ìkòròdú, á ra gúgúrú, á tún rì padà wá sílé. Èjìká rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn báńkì. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kò ní ariwo, ẹni tó lù ló máa ń pariwo.

Ó ja ìjà mẹ́rìnlá pẹ̀lú mi, ó borí mẹ́rìnlá. Àwọn awayanrìn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í pa ìjà rẹ̀ jẹ. Tààrà láti etí omi ni wọ́n máa ń bọ̀, kálukú pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́rùn. Níbí ni mo ti fọwọ́ ara mi gbẹ́ kòtò. Lọ́jọ́ kan tí inú mi dùn, mo ní, "Ẹ̀yin ò lówó tí ẹ máa fi ná ọmọ yín, ẹ kúkú fi táwẹ̀lì ná an!" Eré ni mo ṣe. Wọ́n gbà á! Láti ọjọ́ náà, bí Gàní bá ti gbá ènìyàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ tó dùn, táwẹ̀lì á máa rọ̀ bọ́ sínú agbo bí òjò: pupa, aláwọ̀ omi, funfun. Rẹfirí á máa fi ẹsẹ̀ gbá wọn síta, ìjà á máa lọ. Gbogbo Bàrígà fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ jù. Kò wá sí mi lọ́kàn pé èmi tí táwẹ̀lì jẹ́ ohùn mi ni mo kọ́ ẹgbàágbèje ènìyàn láti máa fi ohùn mi pariwo.

Ìjà kẹẹ̀ẹ́dógún ni ìjà tó le. Ẹni tó bá borí, Lọ́ńdọ̀nù ló kàn. Ọkùnrin Àjẹgúnlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Wáyà ni wọ́n fi kò ó lójú: ó gùn, ó rọ̀, kò ṣeé dì mú. Èmi ti ra kóòtù òtútù sílẹ̀. Mo ti ń wọ̀ ọ́ nínú yàrá, mo ń làágùn, mo ń sọ gẹ̀ẹ́sì fún dígí.

Kí a tó jáde sí gbàgede, Gàní di ọwọ́ mi mú.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi búra. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lónìí, ẹ má ju táwẹ̀lì."

"Gàní, jẹ́ ká jà ná."

"Ẹ búra, Ọ̀gá. Kí wọ́n pa mí ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí wọ́n ní mo juwọ́ sílẹ̀. Ìjà kò dọlà, orúkọ ní ń sọ ni. Orúkọ yìí nìkan ni mo ní."

N kò búra. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé rárá. Mo kàn gbá a léjìká, ó sì mú un bí ìbúra.

Ọ̀sán Sátidé ni, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ṣómólú, ooru ń mú bí inú ààrò. Abala mẹ́jọ ni ìjà náà. Àbí báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún yín? Gàní ṣe bí ìjì! Abala kìn-ín-ní, ó gbá Wáyà níhà, Wáyà ká bí aṣọ. Abala kejì, táwẹ̀lì ń rọ̀. Abala kẹta, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kan gbé Wáyà kúrò nílẹ̀ débi pé mo ka bàtà rẹ̀ mẹ́rin. Ará, mo gbàgbé òfin Ọ̀gá Súnmọ́nù! Mo dìde, mo ń hó, "Lù ú! Bàrígà! Lù ú!" Mo hó títí ọ̀fun mi fi há.

Ẹni tó ń hó kò ríran. Ní abala kẹrin, ẹ̀ṣẹ́ kékeré kan tó dà bí ẹ̀ṣẹ́ àwàdà kan Gàní lẹ́yìn etí. N kò rí i. Nígbà tí mo máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, abala karùn-ún ti fẹ́ parí, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń lu Wáyà, àwọn ènìyàn ṣì ń yọ̀.

Agogo dún, ó jókòó sórí àpótí. Mo fún un lómi.

"Gàní, ìka mélòó nìyí?"

"Ọ̀gá, ẹ fi ìka sílẹ̀. Ẹ fún mi lómi."

Omi wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń ṣàn láti ẹnu rẹ̀ sí àyà rẹ̀ bó ṣe ń bẹ̀ mí pé kí n fún òun lómi.

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n sọ pé ó tó. Mo mọ̀. Mo rántí pé ó bẹ̀ mí, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má purọ́ níbí: mo rántí kóòtù mi pẹ̀lú. Mo ní jẹ́ kí n wo abala kan sí i.

Abala kẹfà kò pé ìṣẹ́jú kan tí Wáyà fi mọ̀ pé ilé ti ṣí. Ó lu Gàní lójú, ó lù ú létí, ó lù ú lágbárí. Ọwọ́ Gàní wà nísàlẹ̀. Mo ti etí táwẹ̀lì ọ̀rọ̀ bọ omi, mo fún un, mo ta á ní kókó, mo jù ú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ju táwẹ̀lì láyé, kò tíì sí èyí tó gún régé tó bẹ́ẹ̀. Ó kọjá lórí okùn, ó balẹ̀ gbẹ̀ẹ́ níwájú bàtà rẹfirí.

Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, Gàní, tí kò mọ ibi tó wà mọ́, fi ọwọ́ òsì na afẹ́fẹ́, ẹ̀ṣẹ́ náà sì ṣèèṣì ba Wáyà lágbọ̀n. Gbọ̀ngàn bú! Àwọn awayanrìn fò dìde, táwẹ̀lì rọ̀. Ogún. Ọgbọ̀n. Wọ́n bo tèmi mọ́lẹ̀. Rẹfirí fi ẹsẹ̀ gbá gbogbo wọn lápapọ̀ síta, tèmi ń bẹ láàárín wọn, ó sì ní kí wọ́n máa jà.

Mo pariwo pé "Ó tó! Èmi ni mo jù ú!" Ta ni yóò gbọ́? Wọ́n rò pé mo ń yọ̀. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn mi tiẹ̀ gbá mi mọ́ra.

Mo wo ọwọ́ mi, kò sí nǹkan kan ńbẹ̀ mọ́. Mo wo ilẹ̀, mo rí àpótí ìjókòó. Mo gbé e. Mo wọ abẹ́ okùn, mo rìn lọ sáàárín agbo, mo gbé àpótí sáàárín àwọn méjèèjì, mo sì jókòó lé e.

Ẹ̀ṣẹ́ tí Wáyà ti rán sí Gàní kò lè yà lójú ọ̀nà. Àgbọ̀n mi ló gbà á. Eyín méjì fò jáde. Ọ̀kan bọ́ sínú garawa, èkejì kò tíì balẹ̀ títí di òní, bí òjò bá rọ̀ ẹ máa wojú òkè. Mo gbá ìbàdí Gàní mú, mo fà á wálẹ̀ sórí itan mi.

Rẹfirí ké mọ́ mi. "Bàbá, ẹ dìde! Kí lẹ jókòó ṣe?"

"Ìjà ti tán."

"Ta ló ní ó tán?"

"Èmi ni. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbá a síta."

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan kígbe "Olè! Ó ti ta ìjà náà!", gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé mi lórí. Gàní kò gbọ́. Ó ti sùn lọ lórí itan mi.

Ọjọ́ méjì ni kò fi la ojú nílé ìwòsàn. Mo jókòó ti ibùsùn rẹ̀, ẹnu mi wú bí búrẹ́dì inú omi. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti ń dá jọ sí i lórí, pé bó bá tún gba ẹ̀ṣẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Nígbà tó jí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni, "Ta ló ju táwẹ̀lì?"

"Èmi ni."

Ó yí ojú sí ògiri. "Ẹ máa lọ, Ọ̀gá."

Ọdún mọ́kànlá! Bó bá rí mi ní Bàrígà, á sọdá sí òdìkejì títì. Kò kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́, kò sì wọ omi mọ́, dókítà kò gbà fún un. Ó dúró sí etí omi, ó ń ta yanrìn fún àwọn tó ń kọ́lé, ó fẹ́yàwó, ó bímọ mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni mo ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Èmi padà sídìí iṣẹ́. Mo fi òfin lélẹ̀ fún gbogbo oníkọ́nà tí mo kọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi aṣọ ná akànṣẹ́ mọ́. Ayé sì ti ń yí láti ìgbà tí mo ti wọṣẹ́. Ìbọ̀wọ́ tí a máa ń fi òwú kún tẹ́lẹ̀ di ti fóòmù. Ṣíbí tútù tí mo fi ń tẹ ojú tó wú di irin tí wọ́n ń gbé jáde nínú yìnyín. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ń tẹ orúkọ onípolówó sára táwẹ̀lì, ó di pé táwẹ̀lì ọ̀rọ̀ ń polówó bisikíìtì. Fóònù sì dé, gbogbo òǹwòran di oníkámẹ́rà. Nígbà tí ojú mi kò rí ẹsẹ̀ akànṣẹ́ dáadáa mọ́, mo gbé garawa sílẹ̀ fúnra mi.

Ṣùgbọ́n fóònù yẹn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sùn. Ẹnì kan ti ká ìjà ọjọ́ náà sílẹ̀, ló bá gbé e jáde lọ́dún yìí fún gbogbo ayé wò, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Gàní Bàrígà ju táwẹ̀lì.

Àná, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹnu ọ̀nà mi dún. Gàní ni. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, àti àwọn ọmọ mẹ́ta.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá."

Mo ṣílẹ̀kùn gbàgà. "Gàní. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Kò jókòó. "Wọ́n ń fi àwọn ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Wọ́n ní bàbá wọn ju táwẹ̀lì. Mo mú wọn wá kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú wọn. Ẹ má pa irọ́ kankan o, mo mọ̀ yín."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn ni ohun tí mo ti ń ṣe láti ọdún gbọgbọrọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

"Kí lo wọ̀ sọ́wọ́ lọ́jọ́ náà?"

"Ìbọ̀wọ́ ni."

"Ọwọ́ méjèèjì?"

"Ọwọ́ méjèèjì, Ọ̀gá."

"Báwo lo ṣe máa fi ìbọ̀wọ́ di táwẹ̀lì mú?"

Mo kọjú sí àwọn ọmọ. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Kò sí akànṣẹ́ tó ti ju táwẹ̀lì tirẹ̀ rí láyé. Ọwọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Táwẹ̀lì kì í sí lọ́wọ́ ẹni tó ń jà, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ló máa ń wà. Àwọn òyìnbó tó ń sọ ọ́ káàkiri, wọ́n ṣì í mú. Bàbá yín ò ju nǹkan kan. Èmi ni mo jù ú, nígbà tí wọn ò rí i, mo gbé ìdí mi jù sínú agbo."

Ọmọbìnrin tó kéré jù ló béèrè. "Bàbá àgbà, bí ẹ ò bá jókòó, ṣé bàbá mi ìbá borí?"

Ẹ mọ̀ mí. Irọ́ mẹ́wàá ló sáré wá sí ahọ́n mi, gbogbo wọn dùn. Mo gbé wọn mì.

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Èmi ni mi ò jẹ́ ká mọ̀. Ẹ̀bi mi nìyẹn, bó bá sì tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún jókòó." Mo wo Gàní. "Ẹ̀bi kejì wà tí o ò mọ̀. Ó yẹ kí n ti jù ú kí abala kẹfà tó bẹ̀rẹ̀. Omi wà lẹ́nu rẹ, o ń tọrọ omi. Mo rí i. Mo dúró nítorí Lọ́ńdọ̀nù."

Ìyàwó Gàní gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Gàní ní, "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bínú pé ẹ yára jù."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bínú pé mo pẹ́ jù."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín awayanrìn, èyí tó ń ti ìsàlẹ̀ omi bọ̀. "Mi ò juwọ́ sílẹ̀ nígbà náà."

"O ò juwọ́ sílẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́ níta, Ọ̀gá. Kí àdúgbò gbọ́."

Mo jáde sí ojú ọ̀nà. Mo fi gbogbo ọ̀fun tó kù fún mi ké e: "Gàní Bàrígà ò juwọ́ sílẹ̀ o! Èmi Oníkọ́nà ni mo jù ú! Kò juwọ́ sílẹ̀!" Àwọn ènìyàn sáré jáde, wọ́n rò pé ilé ń jó. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà gbà á lẹ́nu mi, wọ́n ń fò, wọ́n ń ké e. Mo gbá ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Gàní mú, mo gbé e sókè gẹ́gẹ́ bí rẹfirí ṣe ń gbé ọwọ́ ẹni tó borí. Ọwọ́ náà wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Èjìká mi ń ro mí, apá mi ń gbọ̀n, omi ń dà lójú mi, n kò sì sọ ọ́ kalẹ̀. Mo gbé e sókè bẹ́ẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ fi wò mí tó sì ní, "Ọ̀gá, ó tó."